Òpó Mọ́kànlélógójì

Kí wọ́n tó kírun àsùbáà tán ní mọ́ṣáláṣí ẹ̀yìnkùlé wa
mo ti so okùn bàtà mi nínú òkùnkùn,
tòsì ṣáájú, nítorí òun ló ni orúnkún
tí dókítà ní kí n máa tẹ́ sórí ìrọ̀rí,
tí èmi ń gbé gun òkè.
Ìkùukùu Ìjẹ̀bú-Igbó tutù bí ẹ̀yìn ìkòkò omi.

Láti ẹnu ọ̀nà wa l'Ókè-Sopẹ́n
dé géètì ilé ìlagi tí mo ti ń ṣiṣẹ́,
òpó iná mọ́kànlélógójì ni.
Kíkà niṣẹ́ mi:
lọ́sàn-án mo ń ka pákó sínú ìwé,
méjì-sí-mẹ́fà, ọ̀kan-sí-méjìlá,
arère lọ́tọ̀, afárá lọ́tọ̀,
kí oníbàárà má baà rẹ́ wa jẹ;
láàárọ̀ mo ń ka òpó.
Ìkẹtàdínlógún ti wó, ìjì èṣí ló gbé e,
àwọn oníná kò tíì wá.
Mo ṣì ń kà á.
Bí mo bá fò ó, eré mi dín.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ ṣòkòtò jáde,
àwọn tó ń yan gàrí lábẹ́ páànù dákẹ́,
igbá kò ha agbada mọ́.
Ìyá Olúfowóbi ló kọ́kọ́ lanu: "Ṣé kò sí o?"
Kò sí, mà.
Ọdún márùndínláàádọ́ta ló pé mi,
èémí mi a sì máa já bí mo bá gun àtẹ̀gùn ilé ẹ̀gbọ́n mi.
Kò sí nǹkan mìíràn.
Nísinsìnyí wọn kì í wojú mi mọ́.
Òórùn gàrí ni mo fi ń mọ̀ pé mo ti dé òpó kẹwàá,
òórùn kíkan tí í mú itọ́ wá sẹ́nu
ẹni tí kò tíì mu omi.

Ọkọ̀ agbégi kan bọ̀, kò níná lẹ́yìn,
ìtì ọmọ̀ mẹ́ta nínú ṣéènì.
Awakọ̀ rọra: "Àǹtí, ẹ gòkè, ẹ ó pẹ́!"
Ó rò pé ọkọ̀ ló já mi sílẹ̀.
Mo juwọ́. Eruku rẹ̀ ni mo jẹ títí dé òpó ogún.

Òpó kẹtàlélógún, Bàbá Ògúnkọ̀yà,
orín lẹ́nu, rédíò létí,
ìbéèrè kan náà láti ọjọ́ gbọọrọ:
"Ẹnìkan kì í sáré nínú ẹ̀gún lásán.
Bí o ò bá lé nǹkan, nǹkan ń lé ọ.
Èwo ni tìrẹ?"
Ẹ̀gún kò sí níbí, Bàbá, ọ̀dà ni,
ọ̀dà náà sì tán lẹ́yìn ilé yín.
Inú ni mo ti ń fèsì. Èémí tí ǹ bá fi sọ ọ́,
mo ti fi pamọ́ de gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Jàpárà.

Lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ni mo bá wọn díje, ní Ìjẹ̀bú-Òde,
kìlómítà mẹ́wàá. Ẹnìkan péré ló kù lẹ́yìn mi,
ṣọ́jà kan tó dúró ra àgbàdo.
Wọ́n fún mi ní ike omi kan àti fáńtà gbígbóná.
Mo sùn lálẹ́ ọjọ́ náà bí ọmọ ọwọ́.

Aago tí ọmọ mi fi ránṣẹ́ ti kú láti ìgbà òjò.
Tẹ́lẹ̀, ó ń kọ iye ìgbà tí ọkàn mi ń lù.
Ó ń lù síbẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń kọ ọ́.

Oṣù tó kọjá, bẹ́ǹṣì Bàbá ṣófo fún ọjọ́ mẹ́sàn-án.
Mo ń sáré kọjá, mo ń tẹ́tí,
orúnkún mi ń dùn mí níbẹ̀ ju ibòmíràn lọ.
Ọjọ́ kẹta, mo dáhùn ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni kò bi mí.
"Mi ò mọ̀," mo ní, sókè.
Ewúrẹ́ kan gbórí, ó wò mí.

Ọjọ́ kẹwàá, òun nìyẹn,
awò dúdú lójú: Ìbàdàn ló lọ, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ ojú fún un.
Ó yọ orín lẹ́nu.
"Ìwọ obìnrin yìí, ṣé ọwọ́ ẹ ti tẹ̀ ẹ́?"
Ẹ̀rín pa mí, èémí mi já pátápátá,
ìrìn ni mo fi parí ìyókù,
òpó kan, òpó kan.
Mo pẹ́ níṣẹ́ ní ìṣẹ́jú mẹ́rin.
Arère tútù ti ń dúró kí n wá kà á.