Òṣómàáló

Ìrọ̀lẹ́ Sátidé, ọyẹ́ ń la ètè, ó ń la ilẹ̀,
páànù Ìsọ̀nà ń dún kẹ́kẹ́kẹ́ lókè orí wa,
Abọ́sẹ̀dé wọlé, ó mú ìdajì òòyà lọ́wọ́.
Ìdajì kejì ṣì wà nínú irun rẹ̀.

"Onídìrí ní irun mi ń jẹ òòyà.
Ó ní kí n lọ fi rìláásà rọ̀ ọ́ kí n tó padà wá."
Omijé ò jẹ́ kó sọ ìyókù.

Ìyá rẹ̀ ti lọ sí Wẹ́síìlì, iṣẹ́ òru ló ń ṣe lọ́sẹ̀ yìí.
A kì í fá orí lẹ́yìn olórí, mo mọ ìyẹn.
Ta ló wá sọ bóyá a lè di irun lẹ́yìn ìyá olórí?
Mo pa ẹ̀rọ ìránṣọ. Ẹsẹ̀ ṣòkòtò kan ṣoṣo ni mo rí rán.
Ẹni tó ni ín á dúró lẹ́sẹ̀ kan títí di Mọ́ńdè.

Mo fọwọ́ kan irun náà.
Ó gbẹ bí ewé kòkó tó já sílẹ̀ nínú oṣù Ṣẹẹrẹ,
ó dìde dúró, kò gbà kí ẹnikẹ́ni tẹ́ òun sùn.
Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti ṣe télọ̀ fún ọdún mọ́kànlélógún
mọ ohun kan: òwú tó bá ta kókó,
bí o bá fà á, o fún un pa nìyẹn.
Ẹnu rẹ̀ là ń wá.

Mo bu omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́
sínú ike tí mo fi ń wọ́n aṣọ kí áyọ́ọ̀nù tó kàn án,
mo wọ́n ọn sí i lórí, fììn, fììn.
Irun mu ún. Mo tún wọ́n ọn. Ó tún mu ún.
Ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ láti ọjọ́ yìí,
àwa ń pè é ní olóríkunkun.

Òrí wà nínú igbá lẹ́yìn ilẹ̀kùn,
ìyá mi ló fi ránṣẹ́ láti Ìpetu, fún orúnkún mi.
Orúnkún á ní sùúrù.
Mo fi àtẹ́lẹwọ́ yọ́ ọ, mo lú u mọ́ òróró àgbọn.
Abọ́sẹ̀dé yínmú: "Bàbá, wọ́n á gbọ́ òórùn mi ní kíláàsì."
"Wọ́n á gbọ́ pé o ní ẹni nílé."

Mo lóṣòó sẹ́yìn rẹ̀.
Bàbá tó bí bàbá mi ta aṣọ àwìn
dé ibi tí wọn ò ti gbọ́ Ìjẹ̀ṣà rárá.
Bí onígbèsè bá sá wọ yàrá, á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà:
òṣó ni màá ló kí n tó gbowó mi.
Wọ́n ní kì í pariwo. Ìlóṣòó yẹn náà ni.
Láti ẹnu irun ni mo ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe láti ìdí,
ìka ṣáájú, òòyà eléyín gbàgàdà tẹ̀ lé e.
Kókó kan san gbèsè. Òmíràn ní kí n padà wá lọ́la.
Mo ní n ò ní ilé tí mò ń lọ.

Ní ti yíya, ẹ má bi mí.
Rúlà ni mo fi yà á, síbẹ̀ ó wọ́ bí ọ̀nà òkè Ẹ̀fọ̀n.
N ò mọ ṣùkú, n ò mọ pàtẹ́wọ́,
òwú dúdú ni mo mọ̀, òwú náà ni mo fi kó o,
mọ́kànlá, wọ́n nà gbọọrọ.
Ó wo dígí, ó ní òun jọ alákàn. Ó rẹ́rìn-ín.
Ègé sátíìnì tó ṣẹ́ kù lára inú kóòtù kan,
mo rán an ní fìlà,
kí ìrọ̀rí má baà jí òrí orí rẹ̀ lá lóru.

Aago méje àárọ̀, ìyá rẹ̀ dé, bàtà lọ́wọ́.
Ó ṣí fìlà wò. Ó fi ìka tọ ọ̀nà Ẹ̀fọ̀n
láti iwájú dé ìpàkọ́, kò sọ nǹkan kan.
Mo ń retí ìdájọ́.
Ó bọ́ fìlà iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀. Òru márùn-ún
ti fa omi inú irun rẹ̀ gbẹ.
Ó wọ́ àpótí wá sáàárín ẹsẹ̀ mi méjèèjì,
ó jókòó, ó kẹ́yìn sí mi.
"Òrí yẹn," ó ní, "ṣé ó kù?"