Ohùn Tó Lóṣòó

Ìjọ kan ní Ìrojò ló ta áńpílífáyà yìí fún mi.
Wọ́n ní ó ń bo ohùn akọrin mọ́lẹ̀,
pé lọ́jọ́ Ìkórè, tí àlùfáà ní "Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà,"
òun náà lanu, ó ní tòun ò tíì tán.
Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni mo pín owó rẹ̀ san.
Díákónì Fámúrewá ń wá sẹ́nu ọ̀nà mi lálaalẹ́
bí àwọn bàbá wa òṣómàáló,
àfi pé kò lè lóṣòó, orúnkún ń dùn ún:
àga ṣọ́ọ̀ṣì ló gbé wá, ló jókòó lé.

Àpótí dúdú. Ó wúwo ju ààbọ̀ àpò sìmẹ́ǹtì lọ.
Èmi àti Ọ̀ṣúnlékè la gbé e gun àtẹ̀gùn,
ó ní, "Ṣé wúrà Ìjẹ̀ṣà ni wọ́n dì sínú ẹ̀ ni?"

Ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Gíláàsì méje tò síbẹ̀
bí ìgò lọ́fínńdà tí wọ́n rọ iná sí.
Bí o bá tàn án, má tíì fọwọ́ kan gìtá.
Jẹ́ kó jí. Bí àgbàlagbà ló ń jí:
á kọ́kọ́ hùn, eruku á jóná, òórùn á gba yàrá,
lẹ́yìn náà lojú rẹ̀ á wá pọ́n,
pípọ́n ẹ̀yinná tí wọ́n feérú bò.

Bọ́tìnnì mẹ́fà ló ní. Èyí tó wà lápá òsì, ìkà ni.
Láti òdo dé ọ̀kan, kẹ́kẹ́ pa.
Sún un ní ìbú irun kan sí i,
ó di ẹni tó sọ òkò sílé agbọ́n.
Fèrèsé ń gbọ̀n, ife ń rìn lórí tábìlì,
Màmá Ọ̀rẹ́dọlá nísàlẹ̀ fi ọmọ odó gún àjà:
"Ìwọ ọmọ yìí, ṣé tírélà lò ń wà nínú yàrá ni?"

Mi ò ní purọ́, kì í ṣe ohun èlò ilé.
Bí okùn kan bá fi díẹ̀ yẹ̀, á tú ọ fó fún gbogbo àdúgbò.
Ta okùn mẹ́rin pọ̀, ó di ẹrẹ̀ ọ̀nà Ìmọ̀ lẹ́yìn òjò.

Ṣùgbọ́n ta okùn kan. Ọ̀kan péré.
Tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọrùn gìtá, kí o máa mì ín
bí ẹni ń rẹ ọmọ.
Ohùn náà á jáde, kò sì ní í lọ.
Á lóṣòó sí àárín yàrá,
á ní bí o kò bá san, ibí lòun ó sùn.
Mo lè ka orúkọ gbogbo ẹni tí mo jẹ ní gbèsè
tán, òun ò tíì dìde.

Ó tó ọdún kan kí n tó mọ̀
pé ara gìtá ni ìjánu rẹ̀ wà, kì í ṣe ara àpótí.
Dín in kù níbẹ̀, agbọ́n á wọlé,
á máa sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ bí ìyàwó tó fẹ́ tọrọ nǹkan.

Bó bá wá di aago méje alẹ́,
tí gbogbo Ìsọ̀kùn tan fáànù, fíríìjì, áyọ́ọ̀nù,
tí iná rẹ̀ bí ojú aláàwẹ̀,
tí gílóòbù di ọsàn tó pọ́n,
ìgbà yẹn ló ń dùn jù. Ebi ń pa á, ó ń kọrin,
etí ohùn ń tú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí etí òfì àtijọ́.
Oníná ní kí n ra sìtabiláísà. Mo ní ó tì.

Lánàá, orí okùn kan ni mo wà tí wọ́n mú iná lọ.
Òkùnkùn. Fáànù ìsàlẹ̀ rọra kú.
Màmá Ọ̀rẹ́dọlá ń ṣépè fún ẹni tí mi ò mọ̀.
Gíláàsì méje ṣì pọ́n lẹ́yìn àpótí,
ohùn náà ṣì wà níbẹ̀, ó lóṣòó, ó ń tín-ín-rín,
èmi náà ò dẹ́kun ìka mímì,
bí ẹni tó ṣì ń wá owó lápò,
kó tó dìde,
kó tó jáde láìdágbére.