Igi Ọ̀mọ̀

Igi ìrókò ni mo kọ́kọ́ gbẹ́ fún un.
Ó gbé e lẹ́ẹ̀kan, ó gbé e lẹ́ẹ̀kejì,
ó ní, "Bàbá Káfíńtà, ilẹ̀kùn lẹ gbẹ́ yìí."
Mùsédíìkù, ọmọ ọdún mọ́kànlá,
ẹsẹ̀ bí igi ìdáná, ẹnu bí ayùn.
Mo gbẹ́ àfàrà, ó là sí méjì lọ́jọ́ kejì.
Ọ̀mọ̀ ló wá gbà fún wa,
àjẹkù pákó àpótí aṣọ ìyàwó kan ní Ìgbónà.

Mo rò pé eku ló fẹ́ fi lù.
Ọjọ́ tí mo yọjú sí pápá ẹ̀yìn ọ̀nà rélùwéè,
mo bá ọmọ mẹ́sàn-án,
bọ́ọ̀lù tí wọ́n fi rọ́bà kẹ̀kẹ́ dì,
ọ̀pá mẹ́ta tí wọ́n fà yọ lára ọgbà ẹlẹ́gẹ̀ẹ́.
Mùsédíìkù sá wá láti òkèèrè
bí ẹni tí ajá ń lé,
apá rẹ̀ yí po, ọ̀pá àárín fò sókè.
Àṣé jíjù ni tirẹ̀, kì í ṣe gbígbá.
Pátákó tó yọ mí lẹ́nu lé lórí fún oṣù kan,
ẹlòmíràn ló fẹ́ kó dì í mú,
kó lè rí ẹni tí yóò borí.

Èkó mú un lọ lọ́dún tí ìjì ṣí òrùlé ìsọ̀ mi.
Láti ìgbà náà, orúkọ ìlú ni mò ń gbọ́:
Nàìróbì, Kìgálì, Wíńdúùkù.
Sìfáwù ọmọ mi a máa ka nọ́ńbà fún mi lórí fóònù:
"Ó ju bọ́ọ̀lù mẹ́rìnlélógún,
wọ́n rí ayò méjìdínlógún gbà lára rẹ̀,
ó lé ẹni mẹ́ta jáde."
"Ṣé ó dáa?"
"Ó dáa, Bàbá."
N óò bá máa rẹ́ pákó mi lọ.
Nígbà tó kan òun náà láti di pátákó mú,
wọ́n ní ó gba pẹ́pẹ́yẹ.
Mo ní ṣé wọ́n ti sè é?
Sìfáwù rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.
Òfo ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀.

Ọdún mẹ́rìnlá ló fi wọ aṣọ àwọ̀ ewé náà.
Owó rẹ̀ a máa pẹ́ kó tó dé, bí owó ìfẹ̀yìntì.
Bó bá wálé, ìyá rẹ̀ lórí ìrọ̀ ìránṣọ, l'Ọ́lọ́nkòró,
a ní, "Wọ́n ṣì ń jẹ́ kí o ju nǹkan?"
Ní oríta Òkè-Fìà,
ọlọ́kadà gba owó àlejò lọ́wọ́ rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, èjìká.
Mo mọ igbe tí ìdè ilẹ̀kùn máa ń ké
kó tó já.
Ó ní kò dùn ún. Mo wo bó ṣe gbé ife omi, n ò fèsì.
Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún kan láti Bìní
ló gba nọ́ńbà ẹ̀yìn aṣọ rẹ̀.

Ó wá sí ìsọ̀ lọ́jọ́ Ajé kan,
ó gbé pátákó tòótọ́ lé orí bẹ́ǹṣì mi.
Mo fi imú rùn ún. Mo fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́.
Funfun, fúyẹ́, ìlà rẹ̀ tọ́ bí ìlà ìwé.
"Igi wo nìyí?"
"Etí odò ló ń hù sí, nílẹ̀ òyìnbó."
Mo ní, "Àwa náà ní odò."
Ó dákẹ́. Eruku pákó ń bà lé bàtà rẹ̀.
Ó ní, "Ẹ bá mi gbẹ́ méjìlá. Ọ̀mọ̀ náà ni.
Kó má ga ju ìbàdí ọmọ ọdún mọ́kànlá lọ."
Owó ńkọ́?
Ó di ọjọ́ Jímọ̀.

Jímọ̀ ti kọjá.
Mo ti gbẹ́ mẹ́rin.