Nọ́ńbà Mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n

Oṣù Kẹta dé, ọkọ̀ funfun tún gúnlẹ̀ sí èbúté wa.
“Gbé àgbọ̀n sókè, Mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Gbé itọ́ mì.”
Àgbọ̀n ni kí n gbé sókè;
àgbọn ẹ̀yìnkùlé mi ni n kò gbọdọ̀ fẹnu kàn.

Ọmọ ọdún méje ni mí
lọ́jọ́ tí oòrùn yọ ní ìwọ̀ oòrùn,
tí eérú funfun ń bọ́ bí ìyẹ̀fun.
Jibwan àbúrò mi lanu sókè, ó tọ́ ọ wò.
A rẹ́rìn-ín.
Kó tó dalẹ́, ẹ̀rín ti di èébì.

Ọdún kìíní, wọ́n fún mi ní bisikíìtì, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀.
Ọdún kẹwàá, wọ́n yọ kókó kan lọ́rùn mi,
wọ́n gbé e lọ nínú ìgò,
n ò mọ ìlú tó ń gbé báyìí.
Jibwan kò dúró de ọdún kejìlá.
Wọ́n fa ilà pupa sórí orúkọ rẹ̀:
nọ́ńbà rẹ̀ ni mo fẹ́ wí.

Ṣùgbọ́n èmi náà ń kọ tèmi sílẹ̀,
èédú ni mo fi ń kọ ọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn:
irun dókítà dúdú minimini;
ewú méjì; awò ojú;
ọ̀pá.
Lọ́dún kan, ọmọkùnrin kan ló sọ̀ kalẹ̀ dípò rẹ̀.
Mo ní, bàbá yẹn ńkọ́, kí ló ṣe é?
Ó ní òun kò láṣẹ láti sọ.

Mo na ọwọ́, mo fọwọ́ kan ọrùn rẹ̀.
“Gbé itọ́ mì,” ni mo wí.
Ó gbé e mì.