Ọkọ̀ Ọkọ Etelvina

"Ọkọ̀ ọkọ mi rèé," ni opó náà wí,
ó ká aṣọ kúrò lórí rẹ̀ bí ẹni ń jí ọmọ.
Ọkọ ti lọ lọ́dún mẹ́sàn-án sẹ́yìn. Ó ku ọkọ̀.
Pijó irinwó-lé-mẹ́rin, aláwọ̀ ewé tí oòrùn ti fọ̀ ṣì,
kìnnìún kékeré níwájú rẹ̀, èékánná kan ti ya lẹ́sẹ̀ kìnnìún.
Bahía Blanca ni. Òórùn oògùn ẹran ṣì wà nínú ilé ìgbọ́kọ̀sí,
nítorí dókítà ẹran ọ̀sìn ni olóògbé.

Mo ka owó. Ó tún un kà. Ó tún un kà lẹ́ẹ̀kan sí i,
kì í ṣe pé kò gbà mí gbọ́,
ó ń wá iṣẹ́ fún ọwọ́ rẹ̀ ni.
Nígbà tí mo jókòó sídìí sítíárìn, ó nawọ́ wọlé láti ojú fèrèsé,
ó tẹ fèrè lẹ́ẹ̀kan péré.
"Bí o bá délé, jẹ́ kí n gbọ́ ọ."
Mo ní mo ti gbọ́. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ìdágbére lásán ni.

Trevelin nilé wà, lẹ́sẹ̀ òkè oníyìnyín,
ẹgbẹ̀rún kìlómítà, ó lé ọgọ́rùn-ún, ó tún lé.
Idris ọmọ ẹ̀gbọ́n mi jókòó tì mí.
Máàpù wà nínú fóònù rẹ̀; fóònù kú ní Valcheta.

Ní San Antonio Oeste a rí òkun, a kọ ẹ̀yìn sí i.
Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí nǹkan kan.
Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ: kò sí nǹkan kan,
àfi igbó ẹlẹ́gùn-ún tí kò ga ju eékún lọ,
àfi afẹ́fẹ́.
Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ kì í fẹ́, ó ń tì ni.
Mo ń yí sítíárìn sósì kí n tó lè lọ tààrà.

Pijó, a-kùn-gun-òkè,
a-hó-bí-ìkòkò, a-rọra-rìn-bí-aláboyún,
ọwọ́ aago epo rẹ ń purọ́ fún mi:
láti àárọ̀ títí di alẹ́, ààbọ̀ ló ń wí.

A kọjá Sierra Colorada, nǹkan kan já.
Ó dún pàá, bí ìgbà tí ìlẹ̀kẹ̀ já nídìí ọmọ.
Fánbẹ́lítì. Èéfín funfun yọ lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì.
Idris wò mí bí ẹni wo ẹni tó fowó ra òkú.
Mo ṣí àpótí kékeré iwájú:
oògùn aràn ajá,
kóòmù tí irun funfun mẹ́ta há sí,
àti fánbẹ́lítì tuntun tí a fi ìwé ìròyìn wé.
Ó fi pẹ́ńsùlù kọ ọ́ sí i lára: Fún ọjọ́ tó bá já.
Dókítà, mi ò mọ̀ ọ́ rí.
Mo ṣí fìlà fún ọ lójú títì,
afẹ́fẹ́ sì gbà á lọ.

Inú ọkọ̀ la sùn ní Maquinchao, a ká jọ bí ìgbín.
Lówùúrọ̀, Saturnino Huenchumán, arẹ́run àgùntàn,
bu omi gbígbóná fún wa,
ìdajì fún maté, ìdajì fún rédíétọ̀.
Ó yí ọkọ̀ náà po lẹ́ẹ̀mẹta.
"Inú irú eléyìí ni wọ́n ti bí àbúrò mi," ló ní,
"ìyá wa ò lè dúró de ilé ìwòsàn."
Kò gba owó.

Glenys ìyàwó mi jáde, ó ń nu ọwọ́ sára yẹ̀rì.
Ó wo òrùlé wa tó ń jò. Ó wo ọkọ̀. Ó tún wo òrùlé.
Kò sọ nǹkan kan.
Nígbà tí mo máa fi padà, ó ti mú àkísà,
ó ń nu imú kìnnìún.

Mo pe Etelvina. Mo na fóònù síwájú ọkọ̀, mo tẹ fèrè.
Àwọn ajá àdúgbò dáhùn.
Ní tirẹ̀, èémí ni mo ń gbọ́. Ó pẹ́. Mo rò pé ìlà ti já.
"Bẹ́lítì kan wà nínú àpótí yẹn. Ṣé o ti lò ó?"
Mo ní mo ti lò ó.
"Ra òmíràn síbẹ̀," ló wí,
ó sì gbé fóònù kalẹ̀.