Mélòó Nínú Mẹ́wàá

"Mélòó nínú mẹ́wàá?" ni Ṣìsítà Fúnmbi ń bi mí,
bírò lọ́wọ́, ojú lójú mi.
Èmi tí mo ti ń fọ́ òkúta ní Kọ́bapẹ́
kí irùngbọ̀n tó hù lẹ́rẹ̀kẹ́ mi,
n kò wọn ìrora rí.
Mo ní, "Ẹ kọ ọ́ pé bárò méjì àbọ̀,
ti òkúta wẹ́wẹ́ o, kì í ṣe ràbàtà."
Ó rẹ́rìn-ín. Ó kọ mẹ́fà.

Nígbà tó ku ọ̀la kí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ ìpá fún mi ní Ìdí-Abà,
mo di aṣọ funfun Dókítà Ṣóníbárẹ́ mú:
"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fún mi ní oògùn tí ń gbé èèyàn fò.
Mo ní àbúrò kan, Olúgbémiró.
Ẹsẹ̀ rẹ̀ dá lórí ọ̀kadà ní Láfẹ́nwá.
Eegun jinná, wọ́n tú báńdéèjì,
àmọ́ oògùn ìrora kò bá báńdéèjì lọ.
Ó ń rà á ní ẹyọ méjìméjì lábẹ́ afárá,
ó di páálí,
ó di ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá wa tí a kò rí mọ́.
Ẹni tí bàbá wa ní kí Olú gbé ró,
ògiri ló ń gbé e ró báyìí."

Dókítà fa àga, ó jókòó. Kò fi mí ṣẹ̀sín.
Ó ní, "Oògùn yẹn kì í ṣe ọ̀tá, àlejò ni.
Bí oró bá kọjá agbára wa, a ó pè é wọlé,
a ó sì sìn ín jáde kí ilẹ̀ tó ṣú.
Ṣùgbọ́n àwọn ará ilé ni ká kọ́kọ́ rán níṣẹ́."

Parasitamọ́ ló kọ́kọ́ dé, kí abẹ tó kan ara;
a kì í dúró kí ilé jó ká tó pọnmi.
Lẹ́yìn náà abẹ́rẹ́ kan ní ìbàdí, ibẹ̀ kú tán
bí ẹsẹ̀ tí mo jókòó lé pẹ́.
Mo ń gbọ́ irin tó ń kan irin bíi ti ibi iṣẹ́ wa,
ó yà mí lẹ́nu pé èmi ni òkúta lọ́jọ́ yìí.

Alẹ́ lẹ́, oró jí.
N kò ní parọ́: ó dùn mí.
Ẹ gbọ́ èdè wa: oyin dùn, egbò dùn mí,
ohùn kan náà, àmì kan náà.
Oògùn ló dùn mọ́ Gbémiró.
Ṣìsítà wé omi dídì sínú tọ́wẹ́lì, ó gbé e lé mi,
ó ní kí n di ìrọ̀rí mọ́ ikùn bí ikọ́ bá ń bọ̀.
Aago méjìlá, aago mẹ́fà, oògùn kò pẹ́ ìṣẹ́jú kan.
Ìrora kò lọ. Ó jókòó sí igun,
ó ń wò mí, èmi náà ń wò ó.

Lọ́jọ́ kejì mo rìn dé ojú fèrèsé,
mo rí òrùlé tó dípẹtà títí lọ dé odò.
Gbémiró dé, ẹ̀kọ gbígbóná nínú ọ̀rá.
Mo rí bí ojú rẹ̀ ṣe yà sí ife oògùn.
"Parasitamọ́ lásán ni," mo wí.
Ikọ́ gbé mi; òun ló sáré fi ìrọ̀rí tì mí níkùn,
ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, kò sì jẹ́ kó yẹ̀.

Ṣìsítà wọlé: "Mélòó nínú mẹ́wàá?"
Kí n tó la ẹnu, àbúrò mi dáhùn:
"Mẹ́jọ."
Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.
Láti ọjọ́ ọ̀kadà, kò sẹ́ni tó bi í rí.
Ṣìsítà fa àga, ó ṣí ojú ìwé tuntun.