Páànù Tí Kò Dán

Ní ṣọ́ọ̀bù Asaráyà, lẹ́bàá omi ní Táńsì Kóòfù,
mo fi ìka kan páànù búrẹ́dì tuntun:
ó dún kẹ́ẹ́, bí ẹni tí kò ní nǹkan í sọ.
Mo gbé e, ó fúyẹ́ bí ìwé ìròyìn àná.
Asaráyà ní, "Wo bó ṣe ń kọ mànà!
Búrẹ́dì kò ní í lẹ̀ mọ́ ọn láé."
Mo dá a padà sórí pẹpẹ.
Ọwọ́ tó tọ́ mi dàgbà kò ra nǹkan nítorí dídán rí.

Dùrùsílà, ìyá ìyá mi, tó sin ọkọ méjì, apẹja làwọn méjèèjì,
tó ń jí ní aago mẹ́rin ìdájí títí ó fi lé lọ́gọ́rin ọdún,
a máa sọ pé páànù tó tẹ́ẹ́rẹ́, asáré ni:
yóò ti jó ìdí búrẹ́dì
kí àárín rẹ̀ tó mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́.
Wá èyí tó wúwo lọ́wọ́ bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mu ọmú yó.
Wo igun rẹ̀. Ṣé wọ́n ká a ni,
àbí láti ara irin kan ṣoṣo ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ jáde?
Ibi tí wọ́n bá ti ká irin ni ìyẹ̀fun ń sá pamọ́ sí,
ibẹ̀ lomi ń sùn, ibẹ̀ ni ìpẹtà ń bímọ sí.
Èyí tó dúdú a máa gba iná mọ́ra;
bó o bá rà á, dín iná kù,
má di ẹ̀bi ọwọ́ rẹ ru irin.

Mẹ́ta ni tirẹ̀.
Ìṣù mẹ́ta ló ń tò sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan:
ti Baba, ti Ọmọ, ti Ẹ̀mí Mímọ́.
Wọn a wú, wọn a máa fèjìká ti ara wọn
bí ọmọ ìyá mẹ́ta lórí ibùsùn kan nígbà yìnyín.

Kànrìnkàn irin kò kàn wọ́n rí.
Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti àkísà, ó tán.
"Aṣọ là ń rẹ," ló máa ń wí, "a kì í rẹ irin."
Á nù wọ́n, á tì wọ́n padà sínú ààrò tí iná rẹ̀ ti kú,
kí ooru tó ṣẹ́kù lá omi ara wọn gbẹ.
Lẹ́yìn náà, ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ bíńtín,
bí ẹni ń para fún ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ.

Nígbà tó kú, Liándà mú ọkọ̀ ojú omi,
Úná mú aago ara ògiri.
Mo ní páànù ni mo fẹ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín.

Mi ò ní purọ́: ọ̀kan dógùn-ún mọ́ mi lọ́wọ́.
Ọdún tí ọkọ mi wáṣẹ́ epo lọ sí Alibátà,
tí èmi àti ìyẹ̀fun ò bára wa sọ̀rọ̀ mọ́,
mo gbàgbé rẹ̀ sábẹ́ ẹ̀rọ omi tó ń jò.
Ó pọ́n wá-wá-wá.
Mo ti gbé e dé ẹnu ọ̀nà, kí n jù ú nù,
ni Liándà wọlé, òórùn ẹja lára rẹ̀.
Kò bi mí ní nǹkan kan.
Ó la ọ̀dùnkún sí méjì, ó tì í bọ inú iyọ̀,
ó jókòó, ó ń ha á, ó ń ha á,
omi pupa ń ro sórí orúnkún rẹ̀
títí irin fi tún fojú hàn.
Àpá kan ṣì wà nídìí rẹ̀, ó rí bí erékùṣù nínú àwòrán ilẹ̀;
gbogbo búrẹ́dì tó bá ti inú rẹ̀ jáde ló ń pọ̀n ọ́n.

Ní àárọ̀ yìí ó pè mí. Ẹja ti wọ́n lókun.
"Èmi náà fẹ́ kọ́ búrẹ́dì," ló wí,
ohùn rẹ̀ rọlẹ̀ bíi ti ẹni tó jẹ gbèsè.
Ohun tó gbé mi dé ṣọ́ọ̀bù nìyẹn.

Mo délé. Mo fi ìwé ìròyìn di èyí tó lápàá,
mo kọ ọ́ sí i lẹ́yìn pẹ̀lú pẹ́ńsù:
Má rẹ ẹ́ o.